Ẹgbẹ́ Mbari àti àwọn ìwé àtìgbàdégbà lítíréṣọ̀ Ìbàdàn

Ẹgbẹ́ Mbari jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ayàwòrán àti àwọn òṣèré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ní ọdún 1961. Ẹgbẹ́ yìí àti àwọn ìwé àtìgbàdégbà tó ń jáde ní ìlú náà, pàápàá jù lọ Black Orpheus (1957) àti The Horn (1958), ni wọ́n jẹ́ oríta ìpàdé fún ìran àwọn òǹkọ̀wé tí orúkọ wọn wá kàn káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Lára wọn ni Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, John Pepper Clark àti Mabel Segun.

Ìwé àtìgbàdégbà lítíréṣọ̀ ni ìwé pélébé tó ń jáde láti ìgbà dé ìgbà, tó ń gbé ewì, ìtàn kúkúrú, eré oníṣe àti àròkọ lámèyítọ́ jáde. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa owó wọlé, àwọn tó ń rà á kì í sì í pọ̀. Síbẹ̀, ní Ìbàdàn, irú ìwé yìí ló fún àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé láyè láti ka iṣẹ́ ara wọn kí àwọn atẹ̀wéjáde Lọ́ńdọ̀nù tó mọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́wàá péré ni àwùjọ náà fi gbèrú, láti 1957 títí di ìgbà tí Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà bẹ́ sílẹ̀ ní 1967. Ìbéèrè méjì ló bá a dé òpin: èdè wo ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé Áfíríkà fi kọ̀wé, àti ta ni ó ń sanwó ìwé náà?

Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950

Ní àwọn ọdún 1950, Ìbàdàn ni olú ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹkùn náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìwé kíkà di ohun tí a nílò lọ́pọ̀ yanturu. Ilé-iṣẹ́ Oxford University Press ti ní ọ́fíìsì ní ìlú náà láti 1949. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé ìròyìn Nigerian Tribune bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó mọ ìwé kọ lè rí iṣẹ́ ṣe ní ìlú náà. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé ti Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ló sì di aṣojú ilé-iṣẹ́ Heinemann. Amos Tutùọlá, tí ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé èdè Yorùbá, ṣiṣẹ́ ní WNTV. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fi ìwé kíkọ nìkan jẹun. Iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ń gbé bùkátà, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ̀wé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì àti The Horn

Wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948 lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà ní kíláàsì, ìdánwò Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń ṣe. Ohun tí kíláàsì kò fún wọn ni wọ́n wá nínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀. Nínú University Herald, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni Chinua Achebe ti gbé àwọn ìtàn àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, ó sì di olóòtú rẹ̀ kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1953. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1958, Things Fall Apart jáde.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1958, John Pepper Clark, akẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wá láti agbègbè Niger Delta, dá The Horn sílẹ̀. Martin Banham, olùkọ́ ní ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, ràn án lọ́wọ́. Ìwé pélébé ni The Horn, kò sì ní ẹwà púpọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ewì ló gbájú mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni olóòtú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kà á. Nígbà tí Clark fi ipò náà sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, tí Abíọ́lá Ìrèlé wà lára wọn, gba iṣẹ́ náà. Ìrèlé wá di ọ̀kan nínú àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Áfíríkà tó lókìkí jù lọ.

Ewì nìkan kọ́ ni The Horn ń gbé jáde. Ní 1960, Ṣóyínká kọ àròkọ kan sínú rẹ̀ lórí ọjọ́ iwájú ìwé kíkọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú àròkọ yìí ló ti fi àtakò rẹ̀ sí ẹgbẹ́ Négritude hàn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akéwì elédè Faransé tí Léopold Sédar Senghor àti Aimé Césaire jẹ́ aṣáájú fún, tí wọ́n ń fi ewì gbé ìwà àti àwọ̀ aláwọ̀ dúdú lárugẹ. Lójú Ṣóyínká, ẹni tó mọ ara rẹ̀ dájú kò ní í máa kéde ara rẹ̀. The Horn kógbá wọlé ní bí ọdún 1964. Ipa rẹ̀ ni pé ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ohun tí ìdánwò kò lè kọ́ wọn: kí ẹgbẹ́ ẹni ka iṣẹ́ ẹni, kí ó sì sọ ojú abẹ níkòó.

Odù àti Black Orpheus

Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Ìbàdàn ní 1950, ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìta ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lọ kọ́ àwọn àgbàlagbà ní àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ yìí ló sì mú un mọ àwọn ọba, àwọn babaláwo, àwọn akéwì àti àwọn oníṣọ̀nà. Ní 1955, òun pẹ̀lú onímọ̀ ìtàn Sàbúrì Bíòbákú wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Odù, ìwé àtìgbàdégbà fún ìmọ̀ nípa Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú wáyé ní Paris. Présence Africaine, ìwé àtìgbàdégbà tí Alioune Diop ti Senegal dá sílẹ̀ ní 1947, ló ṣètò rẹ̀. Beier lọ síbẹ̀, ó sì rí i pé àwọn òǹkọ̀wé elédè Faransé ti ní ilé tiwọn, nígbà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, òun àti Janheinz Jahn, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ Black Orpheus jáde ní Ìbàdàn, pẹ̀lú owó Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ kan náà. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí Jean-Paul Sartre kọ ní 1948 sí àkójọ ewì tí Senghor ṣe.

Ohun méjì ni Black Orpheus dáwọ́ lé. Èkíní ni láti fi àwọn ewì tí wọ́n kọ ní èdè mìíràn han àwọn tó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ti kọ́kọ́ bá Senghor àti Césaire pàdé, àti Nicolás Guillén ti Kúbà. Èkejì ni láti fún àwọn òǹkọ̀wé tuntun láyè. Ewì Gabriel Okara wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì ní ìwé kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ Austria tí àwọn ará Òṣogbo wá mọ̀ sí Àdùnní Olóríṣà, ló ya àwòrán sí èèpo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Ewì ẹnu Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Ní 1959, Bakare Gbàdàmọ́sí àti Beier gbé Yoruba Poetry jáde gẹ́gẹ́ bí àkànṣe ẹ̀dà Black Orpheus. Oríkì àti orin tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ìlú ni wọ́n túmọ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn 1960, Ṣóyínká àti Es'kia Mphahlele di olóòtú pẹ̀lú Beier. Mphahlele jẹ́ ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìròyìn Drum ní Johannesburg kí ó tó sá kúrò lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wá sí Nàìjíríà ní 1957.

Ìdásílẹ̀ Ẹgbẹ́ Mbari

Ìwé àtìgbàdégbà lè mú kí àwọn òǹkọ̀wé mọ ara wọn lórí pépà, ṣùgbọ́n kò lè fún wọn ní àga láti jókòó. Ní 1961, Beier, Mphahlele, Ṣóyínká, Clark, Okigbo, Achebe, Mabel Segun, Frances Ademola àti àwọn ayàwòrán Uche Okeke àti Demas Nwoko wà lára àwọn tó para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Achebe ló dá orúkọ náà lábàá. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ní agbègbè Owerri, mbari ni ilé tí àwọn ará ìlú ń fi amọ̀ kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Wọ́n á kún inú rẹ̀ fún ère, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, wọn kì í tún un ṣe mọ́, wọ́n á jẹ́ kí ó padà di ilẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ́ ilé náà gan-an ni ẹbọ, kì í ṣe ilé tó dúró.

Ilé tí ẹgbẹ́ náà gbà wà nítòsí Ọjà Dùgbẹ̀. Ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ibi ìpàtẹ àwòrán, ilé ìkàwé àti ọ́fíìsì, wọ́n sì sọ àgbàlá rẹ̀ di ìtàgé tí kò ní òrùlé. Ibi tó wà yìí ṣe pàtàkì. Yunifásítì jìnnà sí àárín ìlú, ó ní ẹnu ọ̀nà àti aṣọ́nà tirẹ̀. Dùgbẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ìjọba tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti onílù lè wọlé lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́ nínú àgbàlá, ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ kò jìnnà.

Ìgbésí ayé inú ẹgbẹ́ náà

Ìpàtẹ iṣẹ́ Uche Okeke àti Demas Nwoko ló ṣí ilé náà ní 1961. Àwọn méjèèjì jẹ́ ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Zaria, tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ òde òní. Lẹ́yìn wọn ni iṣẹ́ Ibrahim El-Salahi ti Sudan dé. Ní 1962, Jacob Lawrence, gbajúgbajà ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ibẹ̀. Eré oníṣe, ewì kíkà, orin àti àríyànjiyàn ni wọ́n fi ń ṣe alẹ́.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn òǹkọ̀wé náà, wọ́n sì tún jẹ́ lámèyítọ́ ara wọn. Okigbo, tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Látìn àti Gíríìkì ní Ìbàdàn ní 1956, padà sí ìlú náà ní 1963 gẹ́gẹ́ bí aṣojú Cambridge University Press ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé rẹ̀ di ibi tí òǹkọ̀wé tó bá wá sí Ìbàdàn ń yà sí. Òun náà ló ń ṣojú Transition, ìwé àtìgbàdégbà tí Rajat Neogi dá sílẹ̀ ní Kampala ní 1961, ní apá ìwọ̀-oòrùn. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé Ìbàdàn àti ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fi ń ka iṣẹ́ ara wọn.

Àwọn obìnrin kò pọ̀ nínú àwùjọ yìí. Mabel Segun àti Frances Ademola wà níbẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn olóòtú àti nínú àwọn tí wọ́n ń tẹ ìwé wọn jáde. Flora Nwapa, tó gboyè ní Ìbàdàn ní 1957, kò gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Efuru, jáde títí di 1966, Heinemann ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ìwé tí Mbari tẹ̀ jáde

Láti 1961, ẹgbẹ́ náà ń tẹ ìwé jáde fúnra rẹ̀. Lára àwọn ìwé náà ni:

Song of a Goat, eré oníṣe John Pepper Clark (1961), àti àkójọ ewì rẹ̀, Poems (1962)
Heavensgate (1962) àti Limits (1964), ewì Christopher Okigbo
A Walk in the Night, ìtàn Alex La Guma ti Gúúsù Áfíríkà (1962)
Three Plays, eré oníṣe Wọlé Ṣóyínká (1963)
Sirens, Knuckles, Boots, ewì Dennis Brutus ti Gúúsù Áfíríkà (1963)
Rediscovery, ewì George Awoonor-Williams ti Ghana, tó di Kofi Awoonor lẹ́yìn náà (1964)
Poems, ewì Lenrie Peters ti Gambia (1964)

Ìwé La Guma àti ti Brutus fi hàn pé iṣẹ́ Mbari ju ti ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ lọ. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà ti fi òfin de àwọn méjèèjì, wọn kò sì lè gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ìlú wọn. Inú ẹ̀wọ̀n ni Brutus wà nígbà tí ìwé ewì rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn. Brutus yìí kan náà ti kọ ẹ̀bùn ewì tí Mbari fún un ní 1962, nítorí pé àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ó ní ẹni tó ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà kò lè gba ẹ̀bùn tí a fi àwọ̀ pín.

Mbari Mbayọ̀ ní Òṣogbo

Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, òṣèré àti olórin, sọ ilé rẹ̀ ní Òṣogbo di ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Beier. Àwọn ará ìlú tí kò mọ ìtumọ̀ mbari ní èdè Ìgbò gbọ́ ọ bí ẹni pé Yorùbá ni, wọ́n sì fi ìdajì tó kù kún un: Mbari Mbayọ̀, ìyẹn ni pé tí mo bá rí i, inú mi á dùn. Orúkọ náà mọ́ ọn lórí. Níbẹ̀ ni Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Mọ́rọ̀ (1962) àti Ọba Kò So (1963) jáde, ní èdè Yorùbá pẹ̀lú ìlù àti oríkì. Ọba Kò So dé Berlin ní 1964. Níbẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ bíi Twins Seven-Seven, Jímọ̀h Buraimoh, Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé ti kọ́ àwòrán yíyà, ní àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Denis Williams àti Georgina Beier darí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé méjèèjì hàn kedere. Ní Ìbàdàn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, àwọn tó kàwé ló sì pọ̀ nínú èrò ìwòran. Ní Òṣogbo, èdè ìlú ni wọ́n fi ṣe eré, èrò ọjà ló sì ń wò ó.

Àríyànjiyàn lórí èdè

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1962, Mbari wà lára àwọn tó ṣètò ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tó ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Makerere, ní Kampala. Achebe, Ṣóyínká, Clark, Okigbo, Mphahlele àti Langston Hughes ti Amẹ́ríkà lọ, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Ngugi, tó wá di Ngũgĩ wa Thiong'o. Orúkọ ìpàdé náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Fágúnwà, tó ti ń kọ ìwé láti 1938 tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń ka ìwé rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò sí níbẹ̀.

Ní 1963, Obi Wali, lámèyítọ́ ọmọ Nàìjíríà, kọ àròkọ kan sínú Transition tó dá ìjà sílẹ̀. Ó ní lítíréṣọ̀ Áfíríkà tí a bá ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ kò lè lọ jìnnà, àti pé àwọn èdè Áfíríkà ni ó yẹ kí a fi kọ ọ́. Achebe àti àwọn mìíràn ta kò ó, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Nàìjíríà tí èdè wọn yàtọ̀ síra lè fi ka iṣẹ́ ara wọn.

Ní Ìbàdàn, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìwé lásán. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó tẹ Black Orpheus ló tún ń tẹ Aworẹrìn, ìwé àtìgbàdégbà ọmọ ilé ìwé ní èdè Yorùbá. Ìròyìn Yorùbá ń jáde ní ìlú kan náà, Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá sì ní Olókun, ìwé àtìgbàdégbà tirẹ̀. Àwùjọ òǹkọ̀wé méjì ló wà ní ìlú kan: àwọn tó ń kọ èdè Yorùbá ní òǹkàwé púpọ̀ nílé, àwọn tó ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní òǹkàwé lókè òkun. Afárá díẹ̀ wà láàárín wọn. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé Tutùọlá tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì di eré Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní 1965, Beier kọ àròkọ nípa rẹ̀ sínú Black Orpheus, ní 1968 sì ni ìtumọ̀ Ògbójú Ọdẹ tí Ṣóyínká ṣe sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde.

Àríyànjiyàn lórí owó

Owó ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Black Orpheus fi bẹ̀rẹ̀. Ilé tó wà ní Dùgbẹ̀ àti ìwé tí Mbari ń tẹ̀ nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Congress for Cultural Freedom, àjọ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Paris, ló fún wọn ní ìrànlọ́wọ́. Mphahlele fúnra rẹ̀ lọ sí Paris ní 1961 láti darí ẹ̀ka Áfíríkà ti àjọ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni owó náà ń gbà dé Ìbàdàn.

Ní 1966 àti 1967, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú àṣírí pé CIA, àjọ òtẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń fi owó ránṣẹ́ sí Congress for Cultural Freedom ní ìkọ̀kọ̀, gẹ́gẹ́ bí ara ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Soviet. Ìtìjú ńlá ni fún àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ti rò pé àwọn kò sí lábẹ́ ìjọba kankan. Ọ̀ràn náà kan Transition náà, nítorí pé ibi kan náà ni owó tirẹ̀ ti ń wá.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí owó yìí rà. Àwọn kan ní ẹni tó bá sanwó fún onílù ló ń dá orin. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ tó wà nínú àwọn ìwé náà kò fi àmì ọ̀gá kankan hàn, àti pé La Guma, tí Mbari tẹ ìwé rẹ̀, jẹ́ Kọ́múníìsì tí kò fi ara pamọ́. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé tita ìwé nìkan kò lè gbé irú ìwé àtìgbàdégbà bẹ́ẹ̀ dúró ní àkókò náà, nítorí náà ẹlòmíràn ni yóò máa san àlékún owó rẹ̀.

Ogun àti ìtúká

Rògbòdìyàn òṣèlú ti wọ Ìbàdàn ṣáájú ogun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde ìgbà pàjáwìrì ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965 dá ìwà ipá sílẹ̀, wọ́n sì mú Ṣóyínká lórí ẹ̀sùn pé ó fi ìbọn gba ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn kí ó lè gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ìdìtẹ̀ gbàjọba méjì wáyé ní 1966, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò ni wọ́n sì pa ní Àríwá. Àwọn òǹkọ̀wé Ìgbò padà sí Ìlà-Oòrùn: Achebe kúrò ní Èkó, Okigbo kúrò ní Ìbàdàn. Ní òpin ọdún náà, Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ sí Papua New Guinea.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967. Okigbo wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Biafra, wọ́n sì pa á lójú ogun nítòsí Nsukka lọ́dún náà. Ìjọba àpapọ̀ fi Ṣóyínká sí àtìmọ́lé láti oṣù Kẹjọ ọdún 1967 títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1969, lẹ́yìn tó lọ bá àwọn aṣáájú Biafra sọ̀rọ̀ láti wá ọ̀nà àlàáfíà. Clark dúró ní apá ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó ti jọ jókòó nínú àgbàlá kan ní Dùgbẹ̀ wá wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Clark àti Ìrèlé ló gba Black Orpheus. Nínú ẹ̀dà oṣù Kejì ọdún 1968, wọ́n gbé Path of Thunder jáde, àwọn ewì ìkẹyìn tí Okigbo kọ kí ogun tó pa á. Ogun ṣì ń jà nígbà náà, olóòtú wà ní ìhà kan, akéwì tó ti kú jẹ́ ti ìhà kejì, ìwé tó so wọ́n pọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ sì ló gbé ewì náà dé ọwọ́ òǹkàwé.

Lẹ́yìn ogun

Black Orpheus kó lọ sí Èkó, ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n kò tún ní ipò tó ní tẹ́lẹ̀. Odù ti di ti Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1964. Ní 1971, Achebe dá Okike sílẹ̀ ní Nsukka. Ṣóyínká di olóòtú Transition ní 1974, nígbà tí ìwé náà ti kó lọ sí Accra. Ní Ìbàdàn, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbé Ọpọ́n Ifá jáde fún àwọn akéwì ọ̀dọ́, Demas Nwoko sì dá New Culture sílẹ̀ ní 1978. Kò sí èyí tó pẹ́ lọ títí nínú méjèèjì.

Ṣóyínká gba Ẹ̀bùn Nobel fún Lítíréṣọ̀ ní 1986. Ọ̀pọ̀ ewì Okara, Clark àti Okigbo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama ti kà fún ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ jáde nínú àwọn ìwé pélébé wọ̀nyí. Gẹ́gẹ́ bí ilé amọ̀ tí ẹgbẹ́ náà gba orúkọ rẹ̀, Mbari ti Ìbàdàn kò dúró. Ti Òṣogbo ni ó fi àwọn oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní iṣẹ́ náà.